Ohun Tí O Fi Ń Para, Sọ Ọ́ Kí Wọ́n Tó Mú Abẹ

Ṣakí,
Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Tèmítọ́pẹ́ Àjọkẹ́, àdúmáadán mi,

Mo mọ̀ pé á yà ọ́ lẹ́nu pé ìwé ni mo kọ. Bí mo bá fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ lórí Wasáàpù, wà á mú kó sáré, ohùn mi á máa dún bíi ti ológoṣẹ́, wà á sì gbọ́ ìdajì rẹ̀ níbi tí o ti ń wá bàtà kiri. Mo rí ọ tí o ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ohùn bàbá rẹ nígbà tí o wálé. Bí mo bá pè ọ́, wà á ní, "Màmá, mo wà níbi iṣẹ́, màá pè yín padà." Ìwé kì í sáré. Mo ti bẹ awakọ̀ kan tó ń ná Ṣakí sí Èkó pé kó fi í lé ọ lọ́wọ́. Jọ̀ọ́, jókòó kà á. O mọ̀ pé èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bàbá rẹ máa ń ní ẹni tó ń fi ojú sọ̀rọ̀ lòun fẹ́. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo máa sọ èyí.

A dúpẹ́ fún iṣẹ́ tí o rí ní Ṣómólú, ní ṣọ́ọ̀bù tó ń ta aṣọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó jẹ́ pé ìwọ lò ń wọ aṣọ náà níwájú kámẹ́rà. A dúpẹ́ fún yàrá tí o gbà ní Bàrígà. Nígbà tí o dárúkọ àdúgbò yẹn, mo ṣe bí ẹni pé ata ló ta sí mi lójú. Àdúgbò tí èmi náà gbé nígbà tí mo wà ní yunifásítì ní Akoka ni. N kò fẹ́ràn láti máa rántí rẹ̀, ṣùgbọ́n màá rántí rẹ̀ lónìí nítorí tìrẹ.

Ohun tó mú mi gbé bírò ni kókó inú ọyàn rẹ. Dókítà ní kò léwu, pé kí wọ́n ṣáà yọ ọ́ kúrò, wọ́n sì ti dá iṣẹ́ abẹ náà sí oṣù tó ń bọ̀. Gbogbo wa ló ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n, Àjọkẹ́, o kò tíì sọ ohun tí o fi ń para fún dókítà. Mo mọ̀ pé o kò sọ, nítorí o kò sọ fún èmi náà.

Kí o má baà rò pé ẹnì kan ló wá ṣòfófó, jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀. Nígbà Àjíǹde tí o wálé, oòrùn mú bí iná, o sì wọ aṣọ alápá gígùn. O kò sún mọ́ ẹnu ààrò, ìwọ tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni o máa ń jókòó sí jẹran. Nígbà tí o nawọ́ gba àwo lọ́wọ́ mi, mo rí oríkèé ìka rẹ. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ìyókù ọwọ́ sì pọ́n. Ojú rẹ pọ́n, etí rẹ dúdú. Òórùn kan tún wà lára rẹ tí lọ́fínńdà kò lè bò. Mo mọ òórùn náà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn, òun náà ló tún wọ inú ilé ìdáná mi yìí.

Ìwọ fúnra rẹ lo fi fídíò obìnrin tó ń tà á hàn mí. O ní, "Màmá, ẹ wo bí ara ṣe ń dán." O ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ níbi iṣẹ́ ló ń lò ó, pé ọ̀gá yín ní kámẹ́rà kì í fẹ́ràn dúdú. Mo wò ó dáadáa. Apá tí wọ́n ní ó dúdú tẹ́lẹ̀ ní àpá abẹ́rẹ́ àjẹsára, ńlá, bíi ti gbogbo wa. Apá tí wọ́n ní ó ti mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò ní àpá rárá. Ìpara wo ló ń pa àpá abẹ́rẹ́ rẹ́? Apá ẹni méjì ni, ọmọ mi. Ẹni àkọ́kọ́ dúró sábẹ́ àtẹ̀gùn níbi tó ṣókùnkùn. Ẹnì kejì dúró lójú fèrèsé.

N kò kọ̀wé yìí láti bú ọ. Mo mọ bí ojú èèyàn ṣe ń wúwo lára.

Ìgbà tí ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé ni mo wọ Èkó. N kò mọ ẹnikẹ́ni. Ilé tí mo gba yàrá sí ní Bàrígà, ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn ni, ojúlé mẹ́wàá, ilé ìwẹ̀ kan. Bí mo bá ya ẹnu, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, wọ́n á ní kí n tún un sọ. Nígbà tó yá, n kò sọ ọ́ mọ́. Mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo àwọn èèyàn. Ẹni tí kò bá ní alábàárò, ojú rẹ̀ ni í máa bá a sọ̀rọ̀. Ará Òkè ni wọ́n ń pè mí. Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ orúkọ mi gan-an ni Bùsọ́lá, ọmọ Abẹ́òkúta tí a jọ ń gbé yàrá kan, tí a sì jọ wà ní kíláàsì kan náà. Ó dúdú bíi tìrẹ, ó ń dán.

Kò pẹ́ tí fóònù alágbèéká dé. Ṣàdédé ni gbogbo ọmọbìnrin tó mọ oge ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í so àpò awọ kékeré mọ́ ìgbànú, fóònù á wà nínú rẹ̀. Èmi kò ní fóònù. Mo ra àpò náà. Àpò òfìfo kì í dúró dáadáa, ó máa ń tẹ̀, nítorí náà mo gé ọṣẹ ìfọṣọ kan sí ìwọ̀n fóònù, mo tì í bọ inú rẹ̀, mo ń rìn káàkiri. Ọgbọ́n ni mo rò pé mo dá. Ní ọjọ́ kan, òjò ká mi mọ́ ọ̀nà Akoka, ó pa mí délé. Bí mo ṣe wọ àgbàlá, télọ̀ tó wà ní yàrá àkọ́kọ́ nawọ́ sí ìdí mi.

"Ẹ jáde wá wò ó o! Fóònù Ará Òkè ń hó!"

Ìyá kan ní ojúlé kejì ní, "Gbé e, gbé e. Bóyá ìpè ló ń wọlé láti Ṣakí."

Ìfófòó ọṣẹ ń ṣàn sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. N kò lè rìn síwájú, n kò lè padà. Bùsọ́lá ló gbé aṣọ ìnura jáde, ó fi bò mí lára, ó sì yíjú sí télọ̀. "Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa o. Télọ̀, ṣòkòtò tí o rán fún lánlọ́ọ̀dù, ẹsẹ̀ kan gùn ju ìkejì lọ, a ò sì fi ọ́ rẹ́rìn-ín." Gbogbo wọn bá dojú ẹ̀rín kọ télọ̀. Nígbà tí a wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọṣẹ wo lo tiẹ̀ fi sí i? Ṣé kì í ṣe èyí tí mo fẹ́ fi fọṣọ lọ́la?" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rẹ́rìn-ín ní Èkó nìyẹn.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyí. Bí nǹkan bá ń wù ọ́ rà, bi ara rẹ léèrè: bí kò bá sí ẹni tí yóò rí i lára mi, ṣé màá ṣì rà á? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú àwọn èèyàn lo fẹ́ ra nǹkan fún, kì í ṣe ara rẹ. Ojú kì í sì yó. Nígbà tiwa, ojú tó ń wò wá kò ju àgbàlá kan àti kíláàsì kan lọ. Bí a bá ti ti ilẹ̀kùn, ó tán. Tiyín ló burú. Inú fóònù ló wà, orí ìrọ̀rí lẹ ń gbé e sùn, òun náà lẹ kọ́kọ́ ń rí nígbà tí ẹ bá jí. Àwọn tó ń kọ "ẹ̀gbọ́n arẹwà" sábẹ́ fọ́tò rẹ kò mọ ilé rẹ. Bí ibà bá dá ọ dùbúlẹ̀, wọ́n á ti sún fọ́tò náà sókè, wọ́n á ti wo ẹlòmíràn. A kì í wo aago aláago ṣiṣẹ́, Àjọkẹ́. Pa ohùn fóònù yẹn nígbà mìíràn. Ayé kò ní í wó.

Èkejì: má ṣe wo ọjà nìkan, wo ọwọ́ ẹni tó ń tà á.

Nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, tí ilé-ìwé tì fún oṣù púpọ̀, n kò lè padà sílé lọ jókòó. Mo wá iṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú. O ti mọ àdúgbò náà báyìí, o mọ̀ pé kò sí ohun tí wọn kì í tẹ̀ níbẹ̀, látorí ìwé ìpè ìgbéyàwó dórí páálí oògùn. Alájì kan tó wá láti Ìjẹ̀bú ló ni ibẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti máa kó bébà bó ṣe ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, kí n tò ó, kí n gé e. Àwọ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi ń tẹ fọ́tò, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni bébà sì ń gba àwọ̀ náà. Bí ẹ̀rọ bá yẹ̀ díẹ̀, àwọ̀ kan á bọ́ síbi tí kì í ṣe tirẹ̀.

Obìnrin kan wà tó ń wá láti Bàrígà, Màdáàmù ni gbogbo wa ń pè é. Lébẹ́ẹ̀lì ìpara ló ń tẹ̀. Orúkọ ìlú òyìnbó ló wà lára rẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò obìnrin pupa kan tó ń rẹ́rìn-ín. Ìpara náà kò ti ìlú òyìnbó wá. Mo ti bá wọn gbé lébẹ́ẹ̀lì délé rẹ̀ rí. Nínú ike ọ̀dà ló ti ń pò ó, lẹ́yìn ilé, ó fi aṣọ bo imú, ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ara tirẹ̀ dúdú, ó jọ̀lọ̀. Bó ṣe parí, ó fọ ọwọ́, ó sì mú òrí láti inú agolo kan, ó fi para. Mo dúró, mo ń wò ó. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín. "Kí lò ń wò? Ẹni tó ń ta ọtí, ṣé dandan ni kó máa mu ún?"

Ní ọjọ́ kan, àwọ̀ pupa yẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Ètè obìnrin inú fọ́tò bọ́ sí àgbọ̀n rẹ̀, ó wá dà bí ẹni tó jẹ ẹ̀jẹ̀. Alájì ní kí a sun gbogbo rẹ̀. Màdáàmù ní ká fi í sílẹ̀. Ó ní, "Alájì, ẹ má fi nǹkan ṣòfò. Àwọn tó ń rà á kì í wo ètè." Ó kó o lọ.

Ẹni a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Obìnrin inú fóònù rẹ yẹn, bi í bóyá ó lè fi ìpara náà pa ọmọ tirẹ̀ lára. Má bi í ní gbangba, kọ̀wé sí i níkọ̀kọ̀. Bó bá dáhùn, wá sọ fún mi.

Ohun tó kàn yìí, kíkọ rẹ̀ ń ni mí lára.

Lọ́jọ́ kan mo ti Ṣómólú dé, mo bá Bùsọ́lá níwájú dígí. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ta fóònù ń wá àwọn ọmọbìnrin tí yóò máa dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tí yóò máa kí oníbàárà. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n ti mú ní kíláàsì wa, pupa ni gbogbo wọn. Agolo ìpara wà lórí tábìlì. Mo gbé e. Ètè obìnrin inú fọ́tò wà lágbọ̀n rẹ̀.

Mo ní, "Bùsọ́lá, èmi ni mo kó lébẹ́ẹ̀lì yìí lẹ́nu ẹ̀rọ. Ṣómólú ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Bébà ni wọ́n tẹ̀ ní Ṣómólú. Ṣé inú bébà ni wọ́n ti ń po ìpara ni?"

"Wo ètè rẹ̀. Ó wà lágbọ̀n."

"Bóyá bí wọ́n ṣe ń kun ètè lọ́hùn-ún nìyẹn."

"Obìnrin tó ń pò ó kì í fi kan ara rẹ̀. Mo rí i. Òrí ló fi ń para."

Ó gba agolo náà lọ́wọ́ mi. Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn. "Ìwọ tí o di ọṣẹ mọ́ ìdí, ìwọ lo fẹ́ máa sọ ohun tó dáa fún mi? Ará Òkè, rọra o. Ìlara kì í jẹ́ kí ara dán."

Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo gbé ìwé mi, mo jáde lọ jókòó sẹ́bàá omi Ọ̀sà títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú.

O rí i, ọmọ mi, òtítọ́ ni mo sọ fún un, kò sì ràn án lọ́wọ́. Èyí ló ń dẹ́rù bà mí bí mo ṣe ń kọ̀wé sí ọ. Mo mọ̀ pé ẹni tí ojú rẹ̀ ti lọ sórí nǹkan, bí o bá sọ fún un pé májèlé ni, ohun tó máa gbọ́ ni pé o kò fẹ́ kó dára.

Ó rí iṣẹ́ náà. Èyí tún ni kí n má fi pa mọ́. Ó pọ́n, ó dùn ún wò, wọ́n mú un, gbogbo àgbàlá sì bá a yọ̀. Télọ̀ fún un ní orúkọ tuntun, ó ń pè é ní Òyìnbó. Bí o bá ń retí kí ohun búburú fi ara rẹ̀ hàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wà á pẹ́ níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ máa ń ṣe bí wọ́n ṣe sọ. Ó tó oṣù mélòó kan kó tó di pé kò lè rìn nínú oòrùn mọ́, kí òórùn yẹn tó gba yàrá wa. Bó bá fi ara gbá etí tábìlì, ibẹ̀ á ṣí bí ẹ̀pa tútù tí a bó.

Ọ̀kadà ló gbé e ṣubú, ní ọ̀nà Ṣómólú, níbi tó ti ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Orúnkún rẹ̀ ya. Ọgbẹ́ tí ọmọdé máa ní tí á sì tún máa sáré kiri ni. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Igbóbì, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n rán an. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ ní ọjọ́ kejì, òwú ti gé ara náà já. Wọ́n tún un rán. Mo wà níbẹ̀, mo rí i. Bí ẹni ń fi òwú rán ẹ̀kọ tútù ni. Bí wọ́n bá fà á, á ya. Bí wọn kò bá fà á, kò ní í pàdé.

Nọ́ọ̀sì kan tó ti dàgbà bẹ̀rẹ̀ sórí rẹ̀. "Ọmọ mi, kí lo fi ń para?"

Bùsọ́lá ní, "Òrí ni, mà."

Ìyá rẹ̀ ti dé láti Abẹ́òkúta, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Obìnrin náà dúdú bíi kóró iṣin. Ó ní, "Kí ló dé tí ẹ fi ń bi í ní irú ìbéèrè yìí? Àwọ̀ ìyá mi ló gbé wá. Pupa la máa ń pọ́n nílé wa."

O mọ̀ mí, n kì í sọ̀rọ̀ láàárín àwọn èèyàn. Ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ó ń para. Agolo rẹ̀ wà ní yàrá wa, mo lè lọ gbé e wá."

Ìyá náà yíjú sí mi. "Ta ni ọ́? Ọmọ mi ṣubú lórí ọ̀kadà, o wá ń bà á lórúkọ jẹ́ lójú àwọn dókítà? Jáde! Ọ̀rẹ́ bí ọ̀tá! Jáde níbí!"

Mo wo Bùsọ́lá. Ògiri ló ń wò. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń jowú mi."

Nọ́ọ̀sì náà bá mi níta. "Ṣé òótọ́ lo sọ?" Mo ní òótọ́ ni, mà. Ó mí kanlẹ̀. "Ká ní a ti mọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé, ọ̀nà míràn là bá gbà." Wọ́n gbìyànjú láti gba ọ̀nà míràn náà, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ náà ti kẹ̀. Nígbà tí ìyá gbọ́ tí dókítà pe ọmọ òun ní ẹni tó bó ara, ó ní wọ́n bú òun. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó má gbé e lọ. Ó gbé e lọ sílé. Kí ilé-ìwé tó wọlé padà, wọ́n ti sin ín. Èmi ni mo di ẹrù rẹ̀. Agolo náà ṣì kù dé ìdajì.

Nígbà míràn mo máa ń bínú sí ìyá yẹn. Ní báyìí tí mo ti bímọ, mo mọ ohun tó ń ṣe é. Ojú ló ń tì í. Ó rò pé bí òun bá gbà pé ọmọ òun bó ara, gbogbo ayé á mọ̀ pé òun kò tọ́ ọ dáadáa. Ó dáàbò bo orúkọ ọmọ rẹ̀, orúkọ ló sì kù sí i lọ́wọ́.

Wàyí o, Àjọkẹ́, gbọ́ ohun tí mò ń fẹ́ kí o ṣe. N kò ní kí o jábọ̀ fún mi lójoojúmọ́. N kò sì ní kí o da ìpara náà nù lónìí. Nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn wa níhìn-ín sọ fún mi pé bí èèyàn bá dá irú rẹ̀ dúró lójijì, ojú lè wú, ara lè bẹ́, pé dókítà ni kó sọ bí o ṣe máa fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Gbé agolo náà dání. Lọ bá dókítà rẹ kí ọjọ́ abẹ tó pé, kì í ṣe àárọ̀ ọjọ́ náà. Gbé e lé orí tábìlì rẹ̀, kí o ní, "Èyí ni mo fi ń para, ìgbà báyìí ni mo ti bẹ̀rẹ̀." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ohun tí dókítà kò tíì rí rí. Bó bá ní ká sún iṣẹ́ abẹ síwájú, ká sún un. Kókó náà kò sá lọ síbì kan.

Ní ti ọ̀gá rẹ: bó bá jẹ́ pé àfi kí o bó ara kí aṣọ rẹ̀ tó tà, a jẹ́ pé aṣọ náà kò dára. Sọ fún un pé o kò lò ó mọ́. Má ṣàlàyé. Bó bá lé ọ, yàrá rẹ ṣì wà níbí, ṣọ́ọ̀bù àbúrò bàbá rẹ náà ṣì wà. Ẹgbẹ́ rẹ á rẹ́rìn-ín, bóyá wọ́n á kọ ọ́ sórí fóònù pé o padà sóko. Wọ́n ti fi èmi náà rẹ́rìn-ín rí. Kò pa mí.

Bàbá rẹ kò tíì mọ̀. Èmi ni mo máa sọ fún un, jẹ́ kó bínú sí mi ná.

Ohun tó kù nìyí, mo sì ti rò ó dáadáa kí n tó kọ ọ́. Mo ti gba ìsinmi níbi iṣẹ́. Màá dé Bàrígà ṣáájú ọjọ́ abẹ náà, èmi ni màá sì tẹ̀ lé ọ lọ sí ilé ìwòsàn. Bí o kò bá tíì sọ ọ́ nígbà náà, màá dúró dè ọ́ kí o ya ẹnu. Bí nọ́ọ̀sì bá bi ọ́, tí o ní òrí ni, èmi yóò sọ fún un pé kì í ṣe òrí. Màá sọ ọ́ sókè, lójú gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀, èmi tí n kì í sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn. Ojú á tì ọ́, ojú á ti èmi náà. Bóyá wà á lé mi jáde. Bóyá o kò ní í bá mi sọ̀rọ̀ fún ọdún kan, tàbí kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti gbà. Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ bínú, ó ṣì wà láàyè tó fi ń bínú.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.